Grasshopper, Dynamo àbí Blender: èwo ló yẹ kí ayàwòrán ilé kọ́kọ́ kọ́?

Ká ní ilé alájà mẹ́wàá lẹ̀ ń ya àwòrán rẹ̀, tí gíga láti àjà kan sí èkejì jẹ́ mítà 3.3. Ẹ ti ya àtẹ̀gùn, ẹ ti to fèrèsé, ojú ilé ti ń dára. Oníbàárà wá ní òun fẹ́ kí gíga yẹn di mítà 3.6, torí páìpù ẹ̀rọ amúlétutù máa gba abẹ́ àjà kọjá. Tí ìgbésẹ̀ àtẹ̀gùn kan kò bá gbọ́dọ̀ ga ju mìlímítà 170 lọ, àtẹ̀gùn tó ní ìgbésẹ̀ 20 tẹ́lẹ̀ ti di 22 nìyẹn. Ìgbésẹ̀ méjì tó lé yẹn máa gbàyè. Àyè náà máa jẹ lára yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn á sún, fèrèsé á sún, káfíńtà tó ń ka iye ilẹ̀kùn náà á tún un kà. Ní àjà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Iṣẹ́ tí parametric modeling ń gbà lọ́wọ́ ẹni nìyẹn. Ẹ kọ òfin sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwòrán á máa tẹ̀lé e. Visual programming sì jẹ́ ọ̀nà láti kọ òfin náà láì tẹ kóòdù: ẹ ó gbé àpótí kéékèèké kalẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ẹ ó fi wáyà so wọ́n pọ̀. Àpótí kan mú nọ́ńbà wá, èkejì fi nọ́ńbà náà pín ìlà, ẹ̀kẹta gbé ògiri dúró lórí ìlà náà. Bí ẹ bá ti yí nọ́ńbà yẹn padà, gbogbo ohun tí wáyà so mọ́ ọn á yí.

Mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra: Grasshopper tó ń gbé inú Rhino (sọ́fítíwíà tí a fi ń ya ìrísí 3D), Dynamo tó ń gbé inú Revit (sọ́fítíwíà ìyàwòrán ilé tó mọ ògiri àti ilẹ̀kùn), àti Geometry Nodes ti Blender (sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ fún àwòrán 3D). GenerativeComponents ti Bentley wà, Marionette ti Vectorworks náà wà, àmọ́ tí ọ́fíìsì yín kò bá lo sọ́fítíwíà wọ̀nyẹn, kò sí ohun tó ń lé yín débẹ̀.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ má fi ẹwà àwòrán tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì yan irinṣẹ́. Ẹ wo ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Ṣé ẹnjiníà ni? Ṣé kọngílá ni? Ṣé ẹni tó máa gé gíláàsì ni, àbí ọ́fíìsì tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé? Ohun tí onítọ̀hún fẹ́ gbà ló máa sọ èyí tó yẹ yín.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò ọ̀kankan

Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ èyí, torí owó àti àkókò ń bọ́ sínú ẹ̀. Ìṣòro àtẹ̀gùn tí mo sọ lókè yẹn, Revit lè yanjú ẹ̀ láìsí Dynamo rárá. Irinṣẹ́ àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ti mọ gíga tí ìgbésẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá, ó sì ń ka iye ìgbésẹ̀ fúnra rẹ̀ bí gíga àjà bá yí. Ilẹ̀kùn tí ẹ yà dáadáa pẹ̀lú fífẹ̀ àti gíga tó ṣeé yí padà, parametric náà ni. Ọ̀pọ̀ ilé gbígbé oníyàrá mẹ́rin, márùn-ún, kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìmọ̀ yìí kì í sì í ṣe tuntun. Ní 1960, Luigi Moretti fi àwòṣe pápá ìṣeré hàn ní Milan tí ìrísí wọn wá láti inú ìṣirò bí òǹwòran á ṣe rí pápá. Ní 1963, Ivan Sutherland ṣe Sketchpad, ètò ìyàwòrán lórí kọ̀ǹpútà, ní MIT, ẹ sì lè sọ fún un pé kí ìlà méjì máa bá ara wọn rìn ní ọgbọọgba, á sì rántí. Ohun tó yàtọ̀ lónìí ni pé ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ kóòdù lè ṣe é lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀.

Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fọwọ́ kàn

David Rutten ló kọ Grasshopper ní ilé iṣẹ́ McNeel, tó ni Rhino. Ní 2007 tó kọ́kọ́ jáde, Explicit History ni wọ́n ń pè é. Láti Rhino 6 ní 2018, inú Rhino ló ti ń bá a wá, ẹ ò ní láti lọ wá a níbòmíràn. Ohun tó ń ṣe ni ìrísí: ìlà, ojú tó tẹ̀, ohun tó dì. Kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ògiri, kò mọ ilẹ̀kùn. Ohun tí ẹ ń rí lójú kọ̀ǹpútà bí ẹ ṣe ń so wáyà, òjìji lásán ni. Àfi tí ẹ bá tẹ Bake ló tó wọ inú fáìlì. Òmìnira ńlá nìyẹn. Ẹ lè dán òrùlé ogún wò ní ọ̀sán kan láì ba nǹkan kan jẹ́.

Dynamo yàtọ̀. Ian Keough ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2011, kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, Autodesk, tó ni Revit, sì gbà á wọlé. Ohun tó ń fọwọ́ kàn ni àwọn ohun tí Revit fúnra rẹ̀ mọ̀: ògiri, yàrá, ilẹ̀kùn, ojú ìwé àwòrán. Tí Dynamo bá gbé ògiri kalẹ̀, ògiri gidi ni. Ó wọ inú àkójọ, a lè ka iye rẹ̀, a lè kọ iye wákàtí tó máa gbà kí iná tó jó o tán sí i lára.

Àǹfààní yẹn náà ni ewu rẹ̀. Dynamo máa ń rántí ohun tó kọ́. Tí ẹ bá tún un ṣe tí ẹ sì tún un tẹ̀, ohun tó kọ́ tẹ́lẹ̀ ló máa yí padà tàbí kó pa rẹ́. Tí ẹ bá fi sí Automatic, tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, nínú fáìlì tí ènìyàn mẹ́fà jọ ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, wáyà kan tó já lè kó ògiri àjà odindi lọ kí ẹ tó mọ̀. Ẹ fi sí Manual, kó máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nìkan. Ẹ dán an wò nínú ẹ̀dà fáìlì tí ẹ ti yà kúrò lára ti ọ́fíìsì.

Ojú ilé kan ní Èkó, pẹ̀lú Grasshopper

Èkó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ní ọ̀sán gangan nítòsí ìparí ọdún, oòrùn máa ń yẹ̀ kúrò lókè orí sí gúúsù ní ìwọ̀n 30. Ní oṣù Kẹfà, àríwá ló máa ń yẹ̀ sí, ní ìwọ̀n 17. Fún fèrèsé tó ga ní mítà 1.5, ìbòrí kọ́ńkéré tó yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà 90 ti tó ní ìhà gúúsù, 50 sì tó ní àríwá. Ìwọ̀ oòrùn ni iṣẹ́ wà. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lóṣù Kẹta tàbí Kẹsàn-án, oòrùn ti sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí ìwọ̀n 26, ìbòrí tó máa dí i fún fèrèsé kan náà gbọ́dọ̀ yọ síta tó mítà mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ ìyẹn. Búlọ́ọ̀kù oníhò ló yẹ ibẹ̀, irú èyí tí atẹ́gùn ń gbà inú rẹ̀ wọlé tí oòrùn kì í sì í lè já wọ yàrá.

Ìbéèrè wá ni pé báwo ni ihò náà ṣe máa tóbi tó, ibo ló sì ti yẹ kó kéré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń so ìtóbi ihò mọ́ igun oòrùn, tí wọ́n á sì máa retí kí ojú ilé yí láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Kò ní yí, torí igun kan náà ni oòrùn fi ń kan gbogbo ògiri tó bá tẹ́jú. Ohun tó ń mú kí ibì kan gbóná ju ibòmíràn lọ ni ilé aládùúgbò tó ń ṣíji bo apá kan, igi tó wà níwájú, àti bí àjà ṣe ga tó. Ẹ gbọ́dọ̀ ya ilé aládùúgbò náà sínú fáìlì, bó tiẹ̀ jẹ́ àpótí gbàǹgbà lásán.

Ibí ni Grasshopper ti ń ta yọ. Ladybug, àfikún ọ̀fẹ́ fún Grasshopper, máa ń ka fáìlì ojú ọjọ́ EPW. Á mú ipò oòrùn ní gbogbo wákàtí ọdún, á wo ibi tí òjìji ilé aládùúgbò bò, á sì fún onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan lára ògiri ní nọ́ńbà tirẹ̀: iye ooru oòrùn tó gbà. Ẹ fi wáyà gbé nọ́ńbà yẹn sínú Remap Numbers, àpótí tó ń yí nọ́ńbà sí ìwọ̀n mìíràn, kí ibi tó gbóná jù gba ihò tó kéré jù. Ojú ilé á sọ ara rẹ̀ di nǹkan mìíràn níwájú yín.

Ibẹ̀ ni mo ti máa ń dá àwọn ọ̀dọ́ dúró. Kọ̀ǹpútà ti fún yín ní oríṣiríṣi ihò irínwó, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀ sí èkejì. Birikilà ní láti ní àpótí tó ń rọ búlọ́ọ̀kù sí fún oríṣi kọ̀ọ̀kan. Ta ló máa ṣe irínwó àpótí? Ẹ fi àpótí kan kún wáyà yín tó máa yí gbogbo nọ́ńbà sí mẹ́rin péré: ihò kékeré, èyí tó tẹ̀ lé e, títí dé èyí tó tóbi jù. Ojú ilé náà kò ní pàdánù ìrísí rẹ̀ tí ènìyàn bá wò ó láti títì, kọngílá á sì lè sọ iye tó máa gbà. Tí kì í bá ṣe búlọ́ọ̀kù bí kò ṣe irin tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà máa gé, oríṣi irínwó kò ní wàhálà, torí ẹ̀rọ náà kò bìkítà.

Àwọn tó ṣáájú wa náà ronú báyìí láìsí kọ̀ǹpútà. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, Arieh Sharon jẹ́ kí àjà òkè máa yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ nínú àwọn ilé kan, kí àjà kan máa ṣíji bo èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo, tí wọ́n tẹ̀ lé láti òkè dé ilẹ̀. Ní Abu Dhabi, wọ́n gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ dé ibòmíràn nínú Al Bahar Towers tó parí ní 2012: ìbòrí tó wà níwájú gíláàsì ibẹ̀ ń ṣí, ó sì ń pa dé, bí oòrùn ṣe ń rìn.

Yàtọ̀ sí Ladybug, Kangaroo wà fún aṣọ àti okùn tó rọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ìwúwo ara rẹ̀, Karamba3D wà fún agbára òpó àti igi àjà, Galapagos sì wà nínú Grasshopper fúnra rẹ̀ láti máa dán nọ́ńbà wò títí yóò fi rí èyí tó dára jù. Nínú Dynamo, ẹ ò ní rí ohun tó pọ̀ tó báyìí fún ìrísí àti ojú ọjọ́. Níbí, mi ò rí ìdíje.

Nọ́ńbà yàrá 300, pẹ̀lú Dynamo

Ẹ wá mú ilé ìwòsàn tó ní yàrá 300. Revit máa ń fún yàrá ní nọ́ńbà bí ẹ bá ṣe gbé e kalẹ̀, nítorí náà 114 lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 271. Ẹni tó bá fọwọ́ tún un ṣe máa lo ọjọ́, bí oníbàárà bá sì fi yàrá kan kún un ní àárín, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Nínú Dynamo, ẹ ó ya ìlà kan gba inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá kọjá, bí àlejò ṣe máa rìn láti ẹnu ọ̀nà. Dynamo á mú ojú ibi tí yàrá kọ̀ọ̀kan wà, á wo ibi tó sún mọ́ ọn jù lórí ìlà náà, á to wọn tẹ̀ lé ara wọn, á sì kọ nọ́ńbà sí wọn láti 101 lọ. Ilẹ̀kùn á gba nọ́ńbà yàrá tó ṣí sí. Ohun kan wà tí ẹ ní láti ṣọ́: tí yàrá kan bá ń gba 114 nígbà tí òmíràn ṣì ń jẹ́ 114, Revit á máa kìlọ̀ léraléra. Ẹ kọ́kọ́ fún gbogbo wọn ní nọ́ńbà àfidípò tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni, lẹ́yìn náà ẹ wá kọ ti gidi.

Kò sẹ́ni tó máa gbé irú iṣẹ́ yìí sójú ìwé ìròyìn, àmọ́ òun ló ń jẹ́ kí ọ́fíìsì jáde lásìkò. Bákan náà ni kíka orúkọ ojú ìwé àwòrán 80 láti Excel kí Dynamo sì ṣẹ̀dá wọn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni Dynamo Player: ẹnì kan so wáyà náà, àwọn tó kù nínú ọ́fíìsì kàn ń tẹ bọ́tìnnì, wọn ò ní láti mọ Dynamo rárá.

Ibi tí wáyà ti ń lọ́ mọ́ra

Ibi tó máa ń le jù fún ẹni tó ń kọ́ méjèèjì ni bí wọ́n ṣe ń to àkójọ. Tí ẹ bá ní fèrèsé 12 àti oríṣi fèrèsé 10, Grasshopper á tún oríṣi kẹwàá lò fún fèrèsé kọkànlá àti ìkejìlá. Dynamo ní tirẹ̀ á dúró síbi tí àkójọ kúkurú ti tán: fèrèsé 10 péré lẹ máa rí, kò sì ní sọ fún yín pé méjì ti sọnù. Ètò tó ń jẹ́ Lacing lẹ ó fi yí ìyẹn padà.

Grasshopper ní tirẹ̀ ń to nǹkan sí ẹ̀ka bí igi. Àjà mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú 12 jẹ́ ẹ̀ka mẹ́wàá. Tí ẹ bá tẹ Flatten láìronú, gbogbo 120 á dà pọ̀, fèrèsé àjà kẹwàá á lọ lẹ̀ mọ́ ògiri ìsàlẹ̀. Ẹ fi Panel sí ẹnu gbogbo wáyà tí kò bá yé yín, kí ẹ máa ka ohun tó ń gbà á kọjá. Ní Dynamo, Watch ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Owó, láptọ́ọ̀pù, àti Blender

Rhino 8 tó jáde ní 2023 jẹ́ nǹkan bí dọ́là 995, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń san nǹkan bí 195. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó san án, tiyín ló di. Láìsẹ́ǹsì akẹ́kọ̀ọ́ kò lọ́jọ́ tó máa tán, ẹ sì lè fi ṣiṣẹ́ owó. Wọ́n fún gbogbo ènìyàn ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láti fi dán an wò, lẹ́yìn ìyẹn kò ní jẹ́ kí ẹ fi fáìlì pamọ́ mọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows àti Mac.

Revit ń gba owó lọ́dọọdún, owó náà sì ju ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là lọ. Ọjọ́ tí ẹ ò bá san mọ́, ó parí. Windows nìkan ló ń gbé e, ó sì fẹ́ kí láptọ́ọ̀pù yín wọ íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Revit LT tó rọjú kò gba Dynamo, nítorí náà ẹ má tìtorí Dynamo rà á. Akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ wọn ò gbọdọ̀ fi ṣiṣẹ́ owó. Ẹni tó ń fi náírà wá dọ́là mọ bí ìyàtọ̀ méjì yìí ṣe ń wúwo.

Blender kò gba kọ́bọ̀. Geometry Nodes wọ inú rẹ̀ ní 2021, Sverchok sì wà fún ẹni tó fẹ́ ohun tó sún mọ́ Grasshopper. Bonsai, àfikún mìíràn, ń jẹ́ kó ka fáìlì IFC, irú èyí tí oríṣiríṣi sọ́fítíwíà ilé jọ ń lò, kó sì kọ ọ́. Àmọ́ ojú tó tẹ̀ nínú Blender, onígun kéékèèké tí a tò pọ̀ ni. Ti Rhino jẹ́ ìlà tó péye látòkè délẹ̀. Tí ẹni tó ń gé gíláàsì bá fẹ́ ìwọ̀n tó péye, ìyàtọ̀ yẹn máa hàn. Fún ẹni tó ń kọ́ bí òfin ṣe ń di ìrísí, tó sì fẹ́ fi àwòrán ẹlẹ́wà han oníbàárà, Blender tó.

Èyí tí màá yàn fún yín

Tí ẹ bá wà ní yunifásítì, ẹ gba Grasshopper. Bí owó kò bá sí, ẹ gba Blender, ẹ má jókòó máa retí. Òye tí ẹ bá ní nípa àkójọ àti ẹ̀ka máa bá yín lọ sí ibòmíràn.

Tí ẹ bá wà ní ọ́fíìsì tó ń lo Revit, tí iṣẹ́ yín ń parí sórí ìwé tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀, Dynamo ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òrùlé tó ń yí bí ìgbì omi dẹ yín wò. Nọ́ńbà yàrá àti àkójọ ilẹ̀kùn ló máa dá àkókò yín padà.

Tó bá jẹ́ ojú ilé, òrùlé tó fẹ̀, tàbí ohun tí ẹ̀rọ máa gé ni iṣẹ́ yín, Grasshopper ni, kódà kí ọ́fíìsì yín máa lo Revit. Gensler lo Grasshopper fún Shanghai Tower tó ga ní mítà 632. Wọ́n ń yí ìwọ̀n bí ilé náà ṣe lọ́, wọ́n ń gbé àwòṣe lọ síwájú afẹ́fẹ́, títí wọ́n fi rí ìrísí tó dín agbára afẹ́fẹ́ lára rẹ̀ kù ní ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún. Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ yà.

Ẹ má gbàgbé ẹni tó ń gbà á lọ́wọ́ yín o. Ní Aviva Stadium ní Dublin, tó ṣí ní 2010, Populous àti àwọn ẹnjiníà Buro Happold jọ fi ìwé Excel kan darí ìrísí òrùlé. GenerativeComponents ni wọ́n lò, àmọ́ nọ́ńbà inú Excel ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ láti Grasshopper lọ́la: tí ẹnjiníà yín kò bá ní Rhino, ẹ fún un ní nọ́ńbà.

Ẹni tó bá ní agbára láti ra méjèèjì lè lo Rhino.Inside.Revit, tó bá Rhino 7 dé. Ó ń gbé Grasshopper wọ inú Revit, kí ìrísí tí ẹ ṣe di ògiri àti òrùlé gidi tó wọ inú àkójọ. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti ní láìsẹ́ǹsì Rhino àti ti Revit. Fún ọ́fíìsì tó ń ya ilé ńlá, mo rò pé ó sàn ju kí a máa gbé fáìlì láti ọwọ́ kan sí ọwọ́ kejì.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ kọ orúkọ àti ọdún àwọn àfikún tí ẹ lò sínú fáìlì náà fúnra rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà. Python, èdè kóòdù tó wà nínú Dynamo, ti yí láti IronPython sí CPython, iṣẹ́ tó ń lọ dáadáa nínú Revit àtijọ́ sì lè kọ̀ láti ṣí nínú tuntun. Ẹ kó àwọn àpótí tó jọ ń ṣe iṣẹ́ kan sínú Group, ẹ fún un ní orúkọ tí ẹlòmíràn máa lóye, kí ẹni tó bá gba ipò yín ní ọ́fíìsì lè ṣí i kó sì mọ ibi tó máa fọwọ́ kàn.